Mo Tún Wo Dante's Peak: Apá Tí A Máa Ń Fò Nígbà Èwe Wa

Ẹni tó bá dàgbà nílé tó ní ẹ̀rọ DVD á mọ irú àwo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: èyí tí ara rẹ̀ ti họ, tí wọ́n máa ń fi etí aṣọ nù dáadáa kí wọ́n tó tì í bọ inú ẹ̀rọ. Dante's Peak ni tiwa. Ọdún 1997 ni fíìmù náà jáde, àmọ́ ó pẹ́ gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pierce Brosnan ṣe Harry, onímọ̀ nípa òkè ayọnáyèéfín. Linda Hamilton ṣe Rachel, olórí ìlú kékeré kan tó wà lẹ́sẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ibi tí iná àti eérú bá ti bẹ̀rẹ̀ la máa ń yí i lọ. Tí àwọn àgbà inú fíìmù bá ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, a ó pariwo pé "Ẹ fò ó!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí àwo náà nínú páálí kan nílé. Èmi àti àbúrò mi tún jókòó wò ó, a ò sì fo nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé inú ọ̀rọ̀ tí a máa ń fò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ fíìmù náà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín

Ẹ rántí ibi tí Harry ti wa ọkọ̀ gba orí lava, ìyẹn àpáta tó ti yọ́ tó ń ṣàn. Táyà gbiná, àmọ́ ọkọ̀ kọjá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú ọkọ̀ wo nìyẹn? Ká lọ rà á o!" Lava tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná tó nǹkan bíi digirì 1,000 Celsius, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà táyà ò lè fara da ìdajì rẹ̀.

Lava yẹn pàápàá ò bá ibẹ̀ mu. Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ni fíìmù fi òkè náà sí, láàárín àwọn òkè Cascades, níbi tí Mount St. Helens wà. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí á tètè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí àmàlà bá ki lórí iná, atẹ́gùn gbígbóná á há sínú rẹ̀, tó bá yá á bú, á sì ta sí ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn ń hó ni, ó sì ń ṣàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àpáta yíyọ́ inú àwọn òkè Cascades ki bí àmàlà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bú gbàù. Ti Hawaii ló dà bí ẹ̀kọ mímu. Fíìmù yìí da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Adágún omi tó di ásíìdì ńkọ́? Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ọ̀kan wà ní Kawah Ijen ní Indonesia. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí gáàsì tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde tó sọ omi dà bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, débi tí á fi máa jẹ ọkọ̀ ojú omi lójú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí wọn ò ti parọ́

Àwọn igi tó gbẹ àti àwọn ẹran ìgbẹ́ tó kú nínú fíìmù, òótọ́ ni. Ní Mammoth Mountain ní California, láti nǹkan bí ọdún 1990, gáàsì carbon dioxide tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde pa igi rẹpẹtẹ torí pé gbòǹgbò wọn ò rí atẹ́gùn gidi gbà mọ́. Gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lásán lọ, torí náà ibi tó bá gún sísàlẹ̀ ló máa ń lọ. Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn lọ̀rọ̀ náà wà o. Ní Lake Nyos ní Cameroon, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà, irú gáàsì yìí tú jáde látinú adágún lóru ọjọ́ 21 oṣù August 1986. Ó pa nǹkan bí 1,700 èèyàn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ọ̀sìn, tí ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ jí lójú oorun.

Màmá Ruth tó ní òun ò ní kúrò nílé òun lórí òkè náà jọ ẹnì kan tó gbé ayé rí. Harry Truman, ẹni ọdún 83, ní ilé àlejò létí adágún Spirit Lake lẹ́sẹ̀ Mount St. Helens. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lọ. Ọjọ́ 18 oṣù May 1980 ni òkè náà bú, ó sì bo òun àti ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèyàn 57 ló kú lọ́jọ́ náà. Màmá wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nígbà tí mo ń sọ ìtàn yìí. Wọ́n ní, "Ṣé ó rọrùn ni? Ilé tó o fi gbogbo ayé ẹ kọ́!"

Ẹjọ́ Paul

Paul ni ọ̀gá Harry. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, òun ni ọ̀tá wa. Harry ní kí wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò, Paul ní ó tì o, kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú. Tí wọ́n bá pariwo tí òkè ò bú, ọrọ̀ ajé ìlú á bà jẹ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa gbà wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ míì.

Ẹ̀rù tó ń ba Paul kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Lọ́dún 1982, USGS, àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kéde pé ewu lè wà lágbègbè Mammoth Lakes. Òkè ò bú. Owó ilé já wálẹ̀, àwọn ará ìlú sì bínú gan-an sí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Colombia ni fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìlú Armero wà. Ní October 1985, àwọn onímọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ tó fi hàn pé tí òkè Nevado del Ruiz bá bú, ẹrẹ̀ lè ṣàn bo Armero. Àwọn kan ní wọ́n kàn ń dẹ́rù ba èèyàn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ 13 oṣù November, eérú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọ̀run, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú fọkàn balẹ̀. Lálẹ́, òkè bú, ó yọ́ yìnyín orí rẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ wá ń ya bọ̀ wálẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì kó tó dé Armero. Ilẹ̀ gíga tó lè gbà wọ́n là wà nítòsí, ẹsẹ̀ lásán tó o débẹ̀. Ó lé ní 20,000 èèyàn tó kú.

Àwòrán ilẹ̀ wà, àkókò sì wà. Àmọ́ àwọn tó yẹ kó sá ò rí i lọ́kàn bí ewu náà ṣe máa rí.

Fídíò kan tó gba ẹ̀mí là

Maurice àti Katia Krafft, tọkọtaya ará Faransé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fídíò àwọn òkè ayọnáyèéfín, wọ́n máa ń sún mọ́ ọn débi tí ẹlòmíì ò ní dé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Armero, Maurice ṣe fídíò kan fún àwọn aráàlú àti ìjọba. Kò sí Brosnan níbẹ̀. Ó kàn fi hàn wọ́n ni: ohun tí ẹrẹ̀ máa ń ṣe sí ìlú rèé, ohun tí ìkùukùu gáàsì àti eérú gbígbóná máa ń ṣe sí èèyàn rèé.

Lọ́dún 1991, òkè Pinatubo ní Philippines, tó ti sùn fún nǹkan bí 500 ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọ̀pọ̀ ò gbà gbọ́. Raymundo Punongbayan, olórí PHIVOLCS tó ń ṣọ́ àwọn òkè ibẹ̀, àti Chris Newhall láti USGS pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, gbé fídíò Maurice kiri. Wọ́n fi han àwọn ìjòyè, àwọn sójà àti àwọn ará abúlé. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún èèyàn kó kúrò. Ọjọ́ 15 oṣù June ni òkè náà bú, ọ̀kan lára ìbúgbàù tó tóbi jù lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Ìjì líle kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, òjò rin eérú gbingbin, òrùlé sì ń wó lé àwọn èèyàn lórí. Àwọn tó kú lé ní 800. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n tètè kó kúrò ni, ì bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Maurice ò rí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù June yẹn kan náà, ọjọ́ 12 péré ṣáájú, ìkùukùu gbígbóná láti òkè Unzen ní Japan pa òun àti Katia, pẹ̀lú èèyàn 41 míì.

Nígbà tí fíìmù parí, àbúrò mi bi mí pé, "Ṣé Paul burú ni?" Mo ní rárá. Ó fẹ́ kó dá òun lójú ni, èmi náà sì máa ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ mi. Àmọ́ ìgbà tí omi ẹ̀rọ ilé Rachel pọ́n tó sì ń rùn ló tó dá a lójú. Àwọn aráàlú ṣì ń ṣèpàdé lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Tí ẹ bá ṣì ní àwo yìí nílé, ẹ nù ún dáadáa, kẹ́ ẹ tún un wò. Ẹ má fo ọ̀rọ̀ o.