Ẹ̀mí Gígùn àti Ẹrù Tí Ó Bá A Wá

Àwọn baba ńlá kò kọ iye ọmọ tí ikú pa sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú orúkọ. Ẹni tí ó bá rìn kiri àwọn agboolé Ilé-Ifẹ̀ yóò gbọ́ Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́ àti Kòsọ́kọ́, èyí tí í ṣe pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin òmíràn. Ìyá tí ó sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti sin ọmọ rí. Àbíkú ni a ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ibà, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Kì í ṣe ní ọjọ́ kan ni ikú fà sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ìjọ Seventh-day Adventist bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1944. Ní Iléṣà tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tipẹ́. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣe iṣẹ́ dé Ìmẹ̀sí-Ilé ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, láti tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. A fi káàdì kan lé ìyá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, a sì ń kọ ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ sí i, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ọmọ bá ń joro kí àìsàn tó gbé e dè. Irú káàdì yìí ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àgbáyé. Ṣànpọ̀nná tán ní Nàìjíríà ní ọdún 1970. Nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2003, nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, 201 ni ó kú kí wọn tó pé ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2018 ó di 132, ní ìwádìí ti 2023 sí 2024 ó sì di 110. Iye náà ṣì pọ̀ jù, síbẹ̀ ọpẹ́ yẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ ikú kì í ṣe ọmọ títí. Ẹni tí a gbé sórí òṣùwọ̀n ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọdún wọ̀nyẹn, bí ó bá wà láàyè, ti di arúgbó báyìí. Orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún ń dùn ún, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan Nàìjíríà, nítorí nínú 100 ènìyàn níhìn-ín, bí 3 péré ni ó ti pé ọdún 65, nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 ní Jàpáánì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1961 ni Jàpáánì ti ṣe ètò owó ìfẹ̀yìntì fún gbogbo ará ìlú, àti àgbẹ̀ pẹ̀lú. Ní abúlé Ifẹ̀, ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì àgbẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn ọmọ náà sì ń dín: ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé obìnrin kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ń bí bí ọmọ 4 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bí ti lọ sí Èkó, sí Ìbàdàn, àti sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò gbàgbé ilé. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ránṣẹ́ kò lè pọn omi, kò sì lè di ìyá lọ́wọ́ mú lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní òru.

Oko kòkó pẹ̀lú ń darúgbó bí olóko ti ń darúgbó. Igi tí ó ti gbó kò so bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni apá olóko kò ká fífín oògùn sí èso tí ń rà dúdú. Kòkó tuntun a máa gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Nítorí náà kí àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún oko gbìn ní apá kan lọ́dún kan, nígbà tí agbára ṣì wà. Kí ó kọ àdéhùn pẹ̀lú ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú oko sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó sì fi ààlà ilẹ̀ han àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ara, kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 40 máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn, nítorí àìsàn yìí kì í kágò kí ó tó wọlé. Orí lè máà fọ́ ẹni tí ó ní i rárá títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Kí a dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀. Kí iná wà nítòsí àgbà ní òru, kí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ má sì ṣe yọ̀, nítorí ìṣubú kan lè sọ ẹni tí ń rìn di ẹni tí a ń gbé. Awọ funfun tí ń bo ẹyin ojú kì í ṣe ohun tí a kò lè tún ṣe. Dókítà ojú lè yọ ọ́.

Ohun kan wà tí ó burú ju ìwọ̀nyí lọ. Bí ìyá arúgbó bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń rìn kiri ní òru, àwọn mìíràn a máa pè é ní àjẹ́. Kì í ṣe àjẹ́. Àìsàn tí ń jẹ ọpọlọ àgbà ni. Láti ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jùmọ̀ wádìí rẹ̀ láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis; ṣùgbọ́n ó ń mú ènìyàn ní ìlú méjèèjì. Sùúrù, oúnjẹ àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe pé kí a fi ipá mú un jẹ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú kan wà fún àwọn àgbà láti ọdún 2012.

Ìjọ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin karùn-ún kò sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún òbí ní ọjọ́ ìsìnkú nìkan. Àwọn ọmọ tí kì í fi owó pamọ́ bí òkú àgbà bá sùn, kí wọ́n ná díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pín àwọn arúgbó ìjọ láàárín ara wọn, kí ẹnìkan máa kí wọn lójoojúmọ́, kí ó pọn omi, kí ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Ikú ti jọ̀wọ́ ọmọ fún ìyá. Kí ọmọ má ṣe jọ̀wọ́ ìyá fún ìyà.