Àṣìgbọ́ Tí Í Pa Ni Lẹ́rìn-ín

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí í mú kí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣubú, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀nà tí àwọn aláwàdà ń gbà ṣe é pọ̀. Èyí tí ó kan iṣẹ́ olùkọ́ jù lọ ni a ó yẹ̀ wò, èyíinì ni àṣìgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ọkùnrin àjèjì kan tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá bá fẹ́ wí pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lọ́nà, tí ó sì gbàgbé láti rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ọkọ rẹ̀ ni yóò wí pé ó bàjẹ́. Àwa yóò rẹ́rìn-ín, òun kò ní rẹ́rìn-ín. Nítorí ohun kan ṣoṣo ni òun ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa rí ohun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin kìn-ín-ní nìyí: ìró tí ó jọra, ìtumọ̀ méjì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ ọ̀kan, ẹni tí ń wòran mọ méjèèjì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lo òfin yìí dáradára nínú eré kan tí à ń pè ní Fawlty Towers, tí John Cleese àti Connie Booth kọ. Apá 12 péré ni BBC fi hàn: 6 ní ọdún 1975, 6 ní ọdún 1979. Basil Fawlty, onínú fùfù, ni ó ni ilé ìtura kan ní ìlú Torquay. Manuel, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí kò tí ì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán, ni ó ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ní apá àkọ́kọ́, Basil wí fún un pé bọ́tà ti pọ̀ jù lórí àwọn tírè wọ̀nyẹn. “On those trays” ni ó wí. Ṣùgbọ́n ní èdè Sípéènì, “uno, dos, tres” ni ení, èjì, ẹ̀ta. Lójú Manuel, ọ̀gá òun ń ka oókà, kò sì kà á dáadáa. Ó bá tún un ṣe fún un.

Ẹ kíyè sí i pé Manuel kò sọ ìsọkúsọ. Nínú èdè tirẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ tọ́. Ọ̀gá tọ́, ọmọ-ọ̀dọ̀ tọ́, síbẹ̀ wọn kò pàdé. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ-ọ̀dọ̀ ti di olùkọ́, ọ̀gá sì ti di akẹ́kọ̀ọ́ láìmọ̀.

Òfin kejì ni pé àṣìgbọ́ kan a máa bí òmíràn. Ní apá kan tí a fi hàn ní 1979, Ìyáàfin Richards, ẹni tí etí rẹ̀ wúwo, bá Manuel sọ̀rọ̀. Manuel dáhùn pé “Qué?”, èyíinì ni “Kí ni?” Ìyá náà gbọ́ lẹ́tà K. Manuel wí pé “Sí”, èyíinì ni “Bẹ́ẹ̀ ni”. Ìyá gbọ́ lẹ́tà C. Manuel bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, “what”. Ìyá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di orúkọ ènìyàn: C. K. Watt! Ẹni tí ó bá dúró béèrè ìtumọ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ti ba eré jẹ́. Nínú kíláàsì, òun gan-an ni ó tún un ṣe.

Eré mìíràn, Mind Your Language, tí Vince Powell dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ọ̀gbẹ́ni Brown ni olùkọ́ níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́. Taro, ará Jàpáánì, a máa fi “o” kún ìdí ọ̀rọ̀, àwọn òǹwòran a sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà: fáwẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Jàpáánì fi ń parí. Ṣé tiwa yàtọ̀? Àwa ni a sọ “bread” di búrẹ́dì, tí a sọ “ball” di bọ́ọ̀lù. A ta eré náà fún ilẹ̀ púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú; ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn kan wí pé ó ń fi àjèjì ṣẹ̀sín. Michael Grade, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó ń ṣe é, sì dá a dúró lẹ́yìn ọdún 1979.

Andrew Sachs ni ó ṣe Manuel. Ìlú Berlin ni a bí i sí ní 1930. Ní 1938 ìdílé rẹ̀ sá fún ìjọba Násì wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Júù ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ kékeré láàárín èdè àjèjì rí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀rín kò burú nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí ìtumọ̀ méjèèjì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ kò bá mọ ohun tí ọmọ ní lọ́kàn, ẹnu ọmọ ni ó ń fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọ tí a bá sì fi ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan kì í tètè nawọ́ sókè mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá ka “bread” sí búrẹ́dì, kí a kọ́kọ́ fi hàn án pé etí Yorùbá ni ó fi gbọ́ ọ, àti pé etí náà kò dití. Lẹ́yìn èyí ni kí a tún un ṣe. Bí ẹ̀rín bá sì wá, tọmọ tolùkọ́ ni yóò jọ rín in.