Wákàtí mélòó ni Màmá máa lò dé London?

Bí ọmọ bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta pé kó wá bá òun wẹ ọmọ ní London, inú Màmá á dùn, ìmúrasílẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn wá nílé ìwòsàn bí wọ́n bá ti ra láfún àti àdìrẹ Ìtòkú sílẹ̀ láti oṣù kan ṣáájú, tí wọn kò sì yà sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó gbéra.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà dé Heathrow tó 5,000 kìlómítà. Bí a bá fi okùn yí ayé po, tí a pín okùn náà sọ́nà mẹ́jọ, ìpín kan nìyẹn. Bàálù á fi bíi wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ rìn ín. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Èkó lọ sí Liverpool láyé ọjọ́un lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun.

Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ni kí ẹ ti máa kà á. Ẹni tó bá kúrò ní Ìbarà láago 5 ìdájí, tó gba Ewékorò àti Ìfọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó Ọ̀tà dá dúró, tó wọ bàálù aago 11, tó tún tò sórí ìlà ìwé ìrìnnà ní Heathrow, ó lè tó aago 8 alẹ́ kó tó jókòó ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Nítorí náà, inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín.

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ti London kò le: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wọn bá tiwa mu; nígbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. New York ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó jìnnà tó 8,400 kìlómítà, bíi wákàtí mọ́kànlá. Bí bàálù bá gbéra l'Ékòó láago 11 alẹ́ lóṣù Keje, aago 5 ìdájí ló máa balẹ̀ lọ́hùn-ún. Ojú tíkẹ́ẹ̀tì á fi í hàn bíi wákàtí mẹ́fà, ara kò sì mọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń lo oògùn ní wákàtí méjìlá-méjìlá, kó fi aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ti Nàìjíríà títí yóò fi débẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kó wá rí wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Bí èèyàn bá jókòó sójú kan ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Èyí kan àwọn arìnrìn-àjò Hajj náà, nítorí Jeddah tó wákàtí márùn-ún. Ẹ máa dìde rìn, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa mu omi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn yín, tàbí tí èémí yín bá dédé ń gbé, ì báà jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ dé, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù.