Omi Tó Mọ Àkókò Tí Yóò Dúdú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ iná díẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Ohun ìyanu tí mo fẹ́ rò fún yín lálẹ́ òní ṣojú mi kòró. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí i nínú yín, kó lọ bẹ olùkọ́ kẹ́místírì rẹ̀, yóò ṣe é fún un.

Ife gíláàsì méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú wa. Omi inú ti àkọ́kọ́ mọ́ gaara, ti èkejì náà mọ́ gaara. Wọ́n da ọ̀kan sínú èkejì. Kò hó, kò rú èéfín, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà. A dákẹ́, a tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹnìkan ṣe fẹ́ la ẹnu pé kò ṣiṣẹ́, gbogbo omi náà dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní àwọ̀ aró tó ki. Kò fi díẹ̀díẹ̀ dúdú o! Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Hans Landolt ni orúkọ ọkùnrin tó gbé ìdán yìí fún aráyé. Zürich ní Switzerland ni wọ́n ti bí i ní 1831, Berlin ní Jámánì ló sì wà nígbà tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1886. Áyódéètì ló wà nínú ife kan. Sọ́fáìtì àti ásíìdì díẹ̀ ló wà nínú èkejì, pẹ̀lú omi sítáàṣì. Sítáàṣì tí ẹ mọ̀ náà ni, èyí tí à ń rí lára ẹ̀gẹ́, tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ le. Bí áyódìn bá kan sítáàṣì, dúdú ni yóò dà.

Bí omi méjèèjì bá ti pàdé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, áyódìn sì ń jáde láti inú áyódéètì. Ṣùgbọ́n sọ́fáìtì kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ sítáàṣì, ńṣe ló ń gbé e mì. Ẹ wo ewúrẹ́ tó dúró ti obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́. Èèpo tó bá já bọ́, ẹnu ewúrẹ́ ló ń lọ, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ kò bá sí níbẹ̀ ni ẹ ó tó mọ bí èèpo ṣe pọ̀ tó. Ìgbà tí sọ́fáìtì bá tán pátápátá ni áyódìn tó ráyè gbá sítáàṣì mú.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé èèyàn lè pàṣẹ fún omi náà. Ẹ bu omi la áyódéètì kí agbára rẹ̀ dín kù sí ìdajì, ẹ ó dúró tó nǹkan bí ìlọ́po méjì kí ó tó dúdú. Ìdí ni pé kí ohun méjì tó di ohun mìíràn, àwọn èérún wọn tí ojú lásán kò lè rí gbọ́dọ̀ kọlu ara wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, wọ́n á máa kọlu ara wọn lemọ́lemọ́. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ìpàdé á ṣọ̀wọ́n. Àwọn ará Norway méjì tí wọ́n jẹ́ àna ara wọn, Cato Guldberg àti Peter Waage, ló sọ ọ́ di òfin ní 1864.

Ẹ má fojú kékeré wo òfin yìí. Iná tí a yí ká yìí, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ, ọ́síjìn ọ̀hún kò sì ju nǹkan bí 21 nínú 100 lọ. Ní January 27, 1967, ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, Gus Grissom, Ed White àti Roger Chaffee, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú Apollo 1. Ọkọ̀ náà kò tíì gbéra nílẹ̀, wọ́n kàn ń dán an wò ni. Ọ́síjìn nìkan ni wọ́n fi kún inú rẹ̀. Iná ṣẹ́yọ, àwọn ohun tí kì bá jó kíákíá nínú afẹ́fẹ́ tiwa sì gbiná fòò. Kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ó dùn mí títí dòní. Lẹ́yìn náà ni NASA, àjọ tó ni ọkọ̀ náà, yí i padà sí 60 ọ́síjìn àti 40 náítírójìn nínú 100 nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà nílẹ̀. Torí ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣá ìṣáná nítòsí ìgò ọ́síjìn nílé ìwòsàn.

Ooru ńkọ́? Àràmàǹdà gidi wà níbẹ̀. Ẹ mú kí omi inú ife méjèèjì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kíá ni yóò dúdú. (Ẹ má jẹ́ kó gbóná jù o: áyódìn kì í di sítáàṣì mú dáadáa nínú omi tó gbóná gan-an, àwọ̀ náà á ṣá.) Ẹ ó ní kò yà yín lẹ́nu, ó ṣe tán, ẹlẹ́mu gbogbo ló mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán ń mú ẹmu kan. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná. Láti dígírì 20 sí 30 ní ìwọ̀n Celsius, ìsáré àwọn èérún náà kò fi odindi 2 nínú 100 lé sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á yára tó ìlọ́po méjì! Níbo ni ìyókù ti wá?

Svante Arrhenius, ọmọ Sweden, ló dáhùn rẹ̀ ní 1889. Ẹni yìí, nígbà tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Uppsala ní 1884 lórí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá, máàkì tó sún mọ́ ìfìdírẹmi ni wọ́n fún un. Nígbà tó di 1903, ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un. Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkọlù wọ̀nyẹn, òfo ni. Ó ní ìwọ̀n agbára tí èérún gbọ́dọ̀ ní kí ìkọlù rẹ̀ tó so èso, àwọn tó ní in kò sì tó nǹkan. Bí ooru bá lé díẹ̀, ogunlọ́gọ̀ tó kù kò yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tó lágbára yẹn lè di ìlọ́po méjì. Ọwọ́ wọn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ tuntun kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya á pa, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín dígírì 2 sí 8. Insulin tí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò tíì ṣí náà, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ooru bá ń bá wọn, agbára wọn á máa dín kù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú kò sì lè fi mọ̀ ọ́n. Ooru ọ̀sán tiwa níhìn-ín sì sábà máa ń kọjá 30. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá fẹ́ ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ìyá tàbí ìyàwó yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tó ń gbé e sí nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Bí kò bá rí ìdáhùn gidi fún yín, ẹ wá ibòmíràn lọ.