Igò kékeré, owó ńlá: Ẹ̀kọ́ tí oníṣòwò Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ lè rí kọ́ lára àńtíbọ́dì

Kò sí ìyá ẹlẹ́ja kan l'Ájégúnlẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹja Titus tó bá ti yọ́, tí wọ́n tún dá padà sínú fírísà, kì í ṣe ẹja kan náà mọ́. Ojú lè má dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ yóò tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nídìí ọjà kan tó kéré ju ẹja lọ, tó sì gbówó lórí jù ú lọ. Àńtíbọ́dì ni wọ́n ń pè é.

Àńtíbọ́dì ni èròjà tí ara èèyàn àti ti ẹranko máa ń ṣe láti fi mú kòkòrò àrùn. Ohun kan pàtó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá. Lọ́dún 1975, Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe irú kan náà jáde láìlópin. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1984.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọpọlọ máa ń rán an níṣẹ́. Oríta kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń ránṣẹ́ síra wọn, synapse lorúkọ rẹ̀. Púrótéènì tí wọ́n ń pè ní synaptophysin wà lápá ibi tí iṣẹ́ ti ń jáde, PSD-95 sì wà lápá ibi tó ń wọlé sí. Wọ́n á gé ọpọlọ olóògbé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kán àńtíbọ́dì sí i, wọ́n á sì fi aró mú un hàn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, oríta náà ti ń pa rẹ́ nìyẹn, bó ṣe máa ń rí nínú àrùn ìgbàgbé Alzheimer.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gan-an. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé iye àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń bá n'Ìbàdàn lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, l'Ámẹ́ríkà. Lọ́dún 2019, Rufus Akínyẹmí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé báńkì ọpọlọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ n'Ìbàdàn fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Bí àńtíbọ́dì tí wọ́n lò kò bá dára, ohun tí ẹbí olóògbé yọ̀ǹda ti ṣòfò.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìdámẹ́wàá mílílítà ló sábà máa ń wà nínú igò kan. 50 irú rẹ̀ ni yóò kún ṣíbí tíì kan. Síbẹ̀, dọ́là 300 sí 400 ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn. Púpọ̀ ń fẹ́ òtútù tó lọ sílẹ̀ tó -20°C, bó bá sì ń dì tó ń yọ́ léraléra, agbára rẹ̀ á dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in sínú igò kéékèèké lọ́jọ́ tó bá dé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òtútù nìkan kọ́ o. Lọ́dún 2023, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì eLife gbé ìwádìí jáde lórí àńtíbọ́dì 614 tó wà lọ́jà fún púrótéènì 65 tó jẹ mọ́ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ni kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ká ní ẹ rán ọmọ kan sí Ìyá Ṣadé, ẹ sì mọ̀ pé ìyá náà ti rìnrìn àjò. Bí ọmọ náà bá ní òun rí i, ẹlòmíì ló rí. Àwọn olùwádìí yọ púrótéènì kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rán àńtíbọ́dì lọ wá a. Èyí tó bá ní òun rí i ti kùnà. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n kó àwọn kan kúrò lórí àtẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́míìsì, ọjà yìí ti wà lórí àtẹ yín. Àńtíbọ́dì ló ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò. Láàárín ọdún 2008 sí 2018, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dán oríṣiríṣi rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé wọn kò dọ́gba. Ooru pẹ̀lú lè bà á jẹ́. Bí páálí rẹ̀ bá pẹ́ lójú oòrùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá, wọ́n lè sọ fún oníbàárà pé kò ní ibà, nígbà tí ibà wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ àti ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín níbi tó ti kó o pa mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà báàtì rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa dá padà bí ẹjọ́ bá dé.