Wọ́n Ń Kọ́ Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ẹkún Ọmọdé

Yàrá àkọ́kọ́ tí a wọ̀ kò ní tábìlì rárá. Àga nìkan ni wọ́n tò síbẹ̀, méjì méjì, tí wọ́n kọjú síra wọn. Nọ́ọ̀sì wà lórí àwọn àga náà, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà láti ìjọba ìbílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wá sí Abẹ́òkúta láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn ọmọ tí wọ́n lù bolẹ̀, tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe, tàbí tí wọ́n kàn pa tì.

Ìyá àgbà tó ń kọ́ wọn ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Ó ní kí ẹnì kan ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí nọ́ọ̀sì kan ṣe olùtọ́jú rẹ̀. "Ọmọ" náà dorí kodò. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí nọ́ọ̀sì fi bọ́ sẹ́nu ọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, má sunkún mọ́. Gbàgbé ẹ̀. Ọlọ́run á jà fún ẹ."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ti pa á lẹ́nu dé, mà."

Gbogbo yàrá dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Inúure ló ń mú wa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ní kó gbàgbé ti mọ̀ pé a kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù nìyí: kí àgbàlagbà tó mọ ìtùnú sọ lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó sì jókòó ti ẹkún ọmọ.

Wọ́n tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀, ó kàn rọra fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tó pẹ́, "ọmọ" náà ní, "Wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn jẹun." Obìnrin tó ń ṣe eré náà fúnra rẹ̀ bú sẹ́kún. Wọ́n dá ohun gbogbo dúró, wọ́n fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a pa tì ni wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Ẹni tí wọ́n fi bẹ́líìtì nà lápá lára. Èyí tí kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti jẹun kò ní àpá kankan tí a lè fi han ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Bucharest, ní Romania, ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2000, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ọmọdé 136 tó ń gbé nílé ìtọ́jú ìjọba, níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti tó láti gbé ọmọ tó bá ń ké. Wọ́n ṣẹ́ gègé, ìdajì àwọn ọmọ náà sì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Àwọn tó tètè kúrò níbẹ̀, pàápàá kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, ló jèrè jù. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní òun ti rántí ọmọ méjì ní kíláàsì òun tí òun máa ń pè ní ọ̀lẹ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan béèrè bóyá kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìyí. Ìyá àgbà nawọ́ sí ọ̀nà Aró, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ wà. Ó ní Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, kò fi aláìsàn mọ sílé ìwòsàn. Láti ọdún 1954 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ó tún mẹ́nu ba Lusaka, ní Zambia, níbi tí ìwádìí kan tó jáde ní 2015 ti fi hàn pé àwọn tí kì í ṣe dókítà, tí a kọ́ dáadáa, tí ọ̀gá sì ń ṣọ́, mú ara tu àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ti gbọgbẹ́.

Ìtọ́jú tí wọ́n lò ní Lusaka ni àwọn wọ̀nyí náà ń kọ́. Ọmọ a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń mí kí jìnnìjìnnì rọlẹ̀, a sì mọ bó ṣe lè sọ ohun tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí kó yà á sórí ìwé. Ìyá tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ náà ń gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọjọ́ tí ọmọ bá ka ìtàn náà sí i létí má bàa di ọjọ́ èpè àti ariwo.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, kó sọ ohun tó gbọ́ àti bó ṣe ṣe é lára. Mo fara mọ́ òfin yìí gan-an. Àwọn kan nínú wọn ti ń lá àlá ọmọ ọlọ́mọ.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn: "Tó bá jẹ́ ẹni tó ń lù ú ló mú un wá ńkọ́, mà?"

"Ẹ ò ní ṣèlérí fọ́mọ pé ẹ ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bí ewu bá wà, ẹ máa pe ẹni tó lè dáàbò bò ó." Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé orílẹ̀-èdè wa ti wà láti ọdún 2003. Ìyá àgbà ní kí kálukú kọ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ọmọdé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn méjì kò ní in. Ó ní wọn ò ní rí ọmọ kankan títí wọn yóò fi wá a rí.