Ìdánwò ọmọ-onílùú ní Amẹ́ríkà: Ẹni tó mọ ìjọba Àbújá dunjú, kó ṣọ́ra

Bàbá tó bá ti pé ẹni ọdún 75 ní ìlú Ìyàmoyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ti gbé lábẹ́ ìjọba mẹ́ta láì kó ẹrù kúrò nílé bàbá rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n bí i sí, nígbà tí gbogbo agbègbè náà ń jẹ́ Pírófíǹsì Kàbà. Ní 1967, wọ́n kó wọn mọ́ ìpínlẹ̀ tó wá ń jẹ́ Kwara. Nígbà tó di ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, wọ́n di ará Kogí. Nínú gbogbo pààrọ̀-pààrọ̀ yìí, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó jókòó síwájú bàbá náà láti bi í pé ta ni gómìnà tàbí pé sẹnétọ̀ mélòó ló wà, kí wọ́n tó gbà pé ọmọ ìlú ni.

Ṣùgbọ́n bí irú bàbá bẹ́ẹ̀, tàbí ìyàwó rẹ̀, bá bá ọmọ lọ sí Houston tàbí Maryland, tó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó fẹ́ di ọmọ-onílùú, ìjókòó yẹn di dandan. Òṣìṣẹ́ USCIS, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, yóò jókòó sí òdìkejì tábìlì, yóò sì máa fi ẹnu béèrè ìtàn àti ètò ìjọba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bírò, kò sí ìwé ìdáhùn fún èyí. Wò mí kí n wò ọ́ ni.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló pa ìyá àgbà tó lọ wẹ ọmọ-ọmọ pọ̀ mọ́ ìdánwò. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ìyàmoyè gan-an. Ọmọ tó bá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó sì ti pé ọdún 21, lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀bẹ̀ gíríìn káàdì fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀. Káàdì náà dára, ṣùgbọ́n okùn wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, Amẹ́ríkà ni ìjọba wọn kà sí ilé rẹ̀. Bí ìyá bá wá sílé wá sìnkú, tó dúró kórè iṣu, tó tún dúró parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí, tó fi lo ju ọdún kan lọ láìgba ìwé àṣẹ kó tó kúrò, wọ́n lè sọ fún un ní pápákọ̀ òfúrufú pé ó ti fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀. Kódà, bó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ó lè ṣàkóbá fún ọdún márùn-ún tó ń kà kó tó lè bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ-onílùú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà kan fi ń gbé àpótí lọ gbé e bọ̀ bí ọmọ iléèwé tí ìsinmi rẹ̀ ń tán lọ.

Ẹni tó bá ti di ọmọ-onílùú bọ́ nínú wàhálà oṣù kíkà yẹn. Ó lè jókòó sí Ìyàmoyè fún ọdún mẹ́wàá, kó sì lọ wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí àlọ́: ìyá àgbà ń kọ́ ìtàn George Washington kó lè ráyè gbé nílé ara rẹ̀.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n ti ń lo ìbéèrè 100. Mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ ń mú nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì gba mẹ́fà ti yege. Ní 2025, wọ́n mú un le sí i. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù N-400 ránṣẹ́ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, ìbéèrè 128 ni yóò kọ́. Ogún ni wọ́n máa mú nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba 12. Bó bá ti ṣi mẹ́sàn-án, ó ti kùnà nìyẹn. Irú ètò yìí ni wọ́n gbé jáde lápá ìparí 2020, tí ìjọba Joe Biden sì fagi lé ní 2021. Gbogbo ìbéèrè náà, tòun ti ìdáhùn, ni ìjọba fúnra rẹ̀ gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti sanwó ẹ̀kísípò.

Láti 1979 ni Nàìjíríà ti pa ètò ìjọba tó bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì, tó mú irú ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bàbá tó ń gbọ́ rédíò láràárọ̀, tó sì ń ka ìwé ìròyìn tinú-tẹ̀yìn, ti mọ púpọ̀ nínú ìdánwò yìí kó tó wọ bààlúù. Ẹ̀ka ìjọba mélòó ló wà? Mẹ́ta: aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Ọdún mélòó ni wọ́n ń dìbò yan Ààrẹ fún? Mẹ́rin. Ọmọ ọdún mélòó ló lè dìbò? Ọmọ ọdún 18. Gbogbo rẹ̀ bá tilé mu. Bí wọ́n bá ní kí ló mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà bínú sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kéde òmìnira lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1776, ọ̀kan nínú ìdáhùn rẹ̀ ni owó-orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń bù ú. Ẹni tó bá rántí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 kò nílò olùkọ́ fún ìyẹn.

Ibi tó jọ tilé, tí kì í sì í ṣe tilé, ni ewu wà. Ẹ bi bàbá náà pé sẹnétọ̀ mélòó ló wà, yóò ní 109, mẹ́ta-mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, ẹyọ kan láti Àbújá. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n 100 ni ti Amẹ́ríkà, méjì-méjì láti ìpínlẹ̀ 50. Ẹ ní ọdún mélòó ni sẹnétọ̀ ń lò, yóò ní mẹ́rin. Mẹ́fà ni ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣojú-ṣòfin tó ń lo mẹ́rin níbí, méjì péré ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó tún lọ tọrọ ìbò. Èyí tó wá dójú ẹ̀ jù lọ ni ìbéèrè pé bí Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ kò bá lè ṣe é mọ́, ta ló kàn? Ní Nàìjíríà, abala 146 ìwé òfin 1999 sọ pé Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ni, kò sì gbọ́dọ̀ lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní Amẹ́ríkà, olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ni. Ẹni tó fi ìmọ̀ Àbújá dáhùn ti pàdánù máàkì, kì í sì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ olú ìlú. Ẹni tó ń gbé ní Houston gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Austin ni olú ìlú Texas. Ẹni tó wà ní Baltimore gbọ́dọ̀ dárúkọ Annapolis. Ìbéèrè nípa ẹni tó wà nípò pàápàá, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kì í ṣe tinú ìwé àtijọ́ tí ọmọ rà.

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò gba ìwé kíkọ́ rárá: àwọn wo ni wọ́n kó lọ tà lẹ́rú? Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ìdáhùn rẹ̀. Nílẹ̀ Òkun, ìkónilẹ́rú kì í ṣe ìtàn òkè òkun nìkan. Àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídá kó èèyàn lágbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1800 sí 1900, títí dìgbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company borí Bídá ní oṣù kìíní ọdún 1897. Àwọn àgbàlagbà kan gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn àgbà.

Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ jù ni èdè. Yàtọ̀ sí ìtàn, wọ́n ní láti ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan kó já geere, kí wọ́n kọ òmíràn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí òyìnbó ń gba imú sọ. Ó ṣeé ṣe láti bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Òfin fàyè gba àgbàlagbà láti ṣe ìdánwò ìtàn àti ìjọba ní Yorùbá, pẹ̀lú ògbufọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 50, kó sì ti lo 20 ọdún pẹ̀lú gíríìn káàdì, tàbí kó pé 55, kó ti lo ọdún 15. Ti ẹni ọdún 65 tó ti lo 20 ọdún tún fúyẹ́ jù: ìbéèrè 20 péré ni yóò kọ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìyá tó gba káàdì lẹ́ni ọdún 60 lè bẹ̀bẹ̀ ní 65, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ṣe é. Bó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe é, ó di 75. Bó bá fẹ́ ìbéèrè kékeré, ó di 80. Àánú náà wà lóòótọ́, ẹni tó tètè lọ ló ń rí i jẹ. Àwọn tí àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n lè rántí nǹkan mọ́ ní fọ́ọ̀mù tiwọn, N-648, tí dókítà máa ń kọ.

Ẹni tó bá kùnà nígbà àkọ́kọ́ kì í san owó mìíràn. Láàárín 60 sí 90 ọjọ́, wọ́n á tún pè é fún apá tó kùnà nìkan. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń mú owó lọ. Ní ti àwọn tó ṣì wà nílé, ọ̀nà ti há sí i, nítorí ìkéde tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2025 fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù.

Ìbúra ló máa ń parí ètò náà, níbi tí èèyàn ti ń sọ pé òun kọ ọba tàbí ìjọba ilẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ba àgbàlagbà lẹ́rù, pàápàá ẹni tó joyè nílé. Ṣùgbọ́n abala 28 ìwé òfin Nàìjíríà kò gba ìlú lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Nàìjíríà torí pé ó gba ti ibòmíràn.

Bí òyìnbó bá ní òun náà fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, abala 27 ló máa kà. Yóò gbé níbí fún ọdún 15, yóò jẹ́ ẹni tó níwà rere, gómìnà yóò sì jẹ́rìí pé àwọn ará ìlú tó fẹ́ máa gbé ti gbà á, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ìwé òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni bi í pé sẹnétọ̀ mélòó ló wà ní Àbújá. Bó bá jẹ́ Ìyàmoyè ló yàn, àwọn ará Ìyàmoyè ló máa sọ bóyá ó yege.